Jíà Tí Àrá Fi Ìbínú Tún Ṣe

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní ìlàjì. Ẹ kà á títí dé ìsàlẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ọwọ́ yín máa ń yá ju etí yín lọ.

1.

Ọkùnrin kan wà tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Àrá ni wọ́n ń pè é. Àrá ojú ọ̀run a máa kù kó tó sán, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kì í kù rárá. Ìró ìgbájú lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni wọ́n jọ jogún ṣọ́ọ̀bù baba wọn, yàrá kan ṣoṣo tí òróró ti sọ ilẹ̀ rẹ̀ di dúdú. Ẹ̀gbọ́n yìí mọ iṣẹ́ náà jù ú lọ. Àrá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn ún gan-an nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, oníbúrẹ́dì tó ń fi kẹ̀kẹ́ kiri dé. Kẹ̀kẹ́ oníjíà ni. Àwo eléyín méje ló tò tẹ̀ lé ara wọn lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn, láti orí kékeré dé orí ńlá.

"Ọ̀gá, jíà tí ẹ ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá tún ti ń fò o. Ó jọ pé ẹ ò ṣe é dáadáa."

"Ta ni ò ṣe é dáadáa?"

"Ẹ má bínú, mo kàn ní..."

Àrá ò jẹ́ kó parí ẹ̀. Ó gbé kẹ̀kẹ́ sókè, ó là á mọ́lẹ̀ gbàgà! Ẹ̀gbẹ́ tí jíà wà ló fi balẹ̀. Ó wá fa oníbúrẹ́dì ní kọ́là, ó gbá orí rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó là wọ́n. Oníbúrẹ́dì lọ jókòó síta, ó ń nu ẹ̀jẹ̀ imú. Kò lè lọ. Kẹ̀kẹ́ yẹn ló fi ń jẹun.

2.

Àrá dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀. Ó fa wáyà jíà le, ó fọwọ́ yí pẹ́dà, ṣéènì gun àwo mẹ́ta-mẹ́rin.

"Ó ti parí."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Irin kékeré tó máa ń ti ṣéènì láti orí àwo kan bọ́ sórí òmíràn ti wọ́.

"Àbúrò mi, kò tíì parí o. Irin yìí ti wọ́ sínú. Jẹ́ ká nà án, ká sì yí nọ́ọ̀tì kékeré tó ń dá a dúró. Nọ́ọ̀tì yẹn ni ọgbà tí kì í jẹ́ kí ṣéènì ṣáko. Tí ẹni tó ń gun òkè bá fa jíà sórí àwo tó tóbi jù, ṣéènì á fò kọjá, á wọ inú sípóòkì. Ó lè pààyàn."

"Ẹ tún ti fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín níwájú oníbàárà!"

"Ìwọ tí o là á mọ́lẹ̀ náà lo ṣe é. Òótọ́ ọ̀rọ̀..."

Sípánà ló fi dá a lóhùn. Ẹnu ló gbá a. Eyín méjì já bọ́ sáàárín àwọn nọ́ọ̀tì tó wà nílẹ̀, ètè ya, àgbọ̀n yẹ̀. Obìnrin náà rọra jókòó sílẹ̀ bí ẹni tó kàn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo bi yín léèrè: ọjọ́ tí ẹ bá fọ́ ẹnu tó ń kìlọ̀ fún yín, ta ló kù tí yóò kìlọ̀?

3.

Àrá ti kẹ̀kẹ́ síta. "Gbà, máa gùn ún lọ."

Oníbúrẹ́dì wo ẹ̀yìn Àrá, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin náà ò lè sọ̀rọ̀. Ó ń mi orí ṣáá, ó ń nawọ́ ẹlẹ́jẹ̀ sí jíà.

"Ọ̀gá, mi ò gùn ún."

"Ojo! Wò mí níran."

Ó fò gun kẹ̀kẹ́, ó dorí kọ òkè tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn èèyàn ti pé jọ. Ní ìsàlẹ̀, ó ń lọ geere. Nígbà tí òkè ga, itan rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ẹni tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn a máa yí jíà kí òkè tó le, á sì dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀ lórí pẹ́dà kí ṣéènì lè rọra sún. Àrá mọ èyí. Òun gan-an ló fi ń kọ́ àwọn oníbàárà. Ṣùgbọ́n ìbínú ló ń wa kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó dìde nàró, ó fi gbogbo ara tẹ pẹ́dà, ó sì fi tipátipá fa jíà sórí àwo tó tóbi jù.

Ṣéènì fò kọjá, ó já sínú sípóòkì. Irin ṣẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn há, kẹ̀kẹ́ dúró gbọn-in. Àrá ṣubú sáàárín títì, ọwọ́ ọ̀tún nà jáde. Ọkọ̀ akóyanrìn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Awakọ̀ tẹ bíréèkì, táyà han gooro, àmọ́ ó ti gun ọwọ́ náà kó tó dúró.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ sáré dé ibẹ̀. Rọ́bà inú táyà ló fi so apá rẹ̀ pinpin kí ẹ̀jẹ̀ lè dá.

"Àǹtí, ọwọ́ mi ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀? Ẹ dá mi lóhùn!"

Ó ń bi í, ó tún ń bi í. Obìnrin náà la ẹnu. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ló jáde.

4.

Wọ́n gé ọwọ́ náà. Oníbúrẹ́dì fẹjọ́ sun ọlọ́pàá, adájọ́ sì rán Àrá lẹ́wọ̀n ọdún méjì. Ọjọ́ tó jáde, ṣọ́ọ̀bù ló gbà lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń na sípóòkì lọ́wọ́, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àrá dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ olóròóró.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lù mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lù mí padà."

"Dìde. Mo ti dárí jì ẹ́." Ọ̀rọ̀ ń yọ́ gba ibi tí eyín ò sí. "Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ ohùn ẹ lẹ́nu ọ̀nà, ara mi gbọ̀n. Mi ò lè máa ṣiṣẹ́ níbi tí ara mi ti ń gbọ̀n. Máa lọ, àbúrò mi."

Ó dìde, ó lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí wọ́n bá fi àṣìṣe yín hàn yín, àṣìṣe ni kí ẹ bá jà, kì í ṣe ẹni tó rí i. Tí ọwọ́ bá ti ń yún yín, ẹ kó o sápò, kí ẹ rìn síta. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí oníbìínú kan tí ẹ fẹ́ràn, kí ẹnì kan tó sunkún nílé rẹ̀. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.