Ọmọ Rọ̀bọ̀tọ̀ Orí Ìwọ̀n

Nọ́ọ̀sì tuntun tó ń wọn ọmọ láti ilé dé ilé ti ń kan ilẹ̀kùn.

Wọ́n ti sọ fún ìyá ọmọ inú ilé lóṣù tó kọjá pé bí ọmọ rẹ̀ ò bá sanra sí i, ọsíbítù ni.

Ẹni tí ò lágbára a máa lọ́gbọ́n. Ó fi tiẹ̀ sí yàrá, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ yá ọmọ rọ̀bọ̀tọ̀ kan lọ́wọ́ alágbàtọ́ ilé kejì.

"Ẹ wò ó, Nọ́ọ̀sì. Àbíjọ ìyá rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, ó tẹjú mọ́ ọn. Ọmọ nawọ́ sí i, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ó jọ ìyá rẹ̀ lóòótọ́. Kílò mẹ́sàn-án."

"Ọpẹ́ ni fún Olúwa, mà."

"Ẹ má mikàn, ẹ lọ gbé tiyín wá. Èyí, èmi ni mo fún un lọ́mú láàárọ̀ kí n tó gbé e fún alágbàtọ́."