Àwọn Ọmọ Eku Yàrá Kejì

Ènìyàn mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn: Ìkẹ́, tó ń fi eku ṣèwádìí bí ikọ́ àti ọ̀fìnkìn ṣe ń ràn láàárín ọmọ ọwọ́, Bọ̀dá Dennis, tó ń bọ́ àwọn eku náà, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnjìnmí, tó ni ilé ìwádìí náà ní Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin.

Àwọn ọmọ eku yàrá kìíní ni wọ́n fi kòkòrò àrùn sí nímú. Ti yàrá kejì gbọ́dọ̀ wà láìlárùn, kí wọ́n lè fi wọ́n wéra. Lọ́jọ́rú, ti yàrá kejì ń sín. Àyẹ̀wò fi hàn pé kòkòrò tiwọn kì í ṣe ti yàrá kìíní. Láti ìta ló ti wọlé.

Ara fu Ìkẹ́. Aṣọ ìnujú Bọ̀dá Dennis ń ta sánsán róòbù.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, nílé Ìkẹ́ ní Festac, imú ọmọ rẹ̀ Ẹ̀bùnlọlá tún dí.

“Eyín ló ń hù,” ni ìyá ọkọ rẹ̀ wí.

Ìkẹ́ fẹnu fa ikun imú ọmọ náà, bí ó ti ń ṣe láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó tu ú dànù, ó fomi yọ ẹnu. Ọ̀fun ń yún un díẹ̀. Ó mu atalẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́.

Ní yàrá kejì, ó ka èémí àwọn ọmọ eku lọ́kọ̀ọ̀kan. Èémí inú ìbòmú ń mú awò ojú rẹ̀ ṣú. Bí ìṣe rẹ̀, ó fa ìbòmú náà sí àgbọ̀n, ó tẹjú mọ́ wọn títí ó fi kà á tán.

“Bọ̀dá Dennis, ta ló ń wúkọ́ nílé yín?”

“Ṣínà ọmọ mi ni, Dókítà. Eruku ọkọ̀ àjàgbé Ìjẹ̀gùn ni.”

“Eruku kì í ran eku.”

“Àbí eku yín ló lọ kí Ṣínà nílé?” Ó rẹ́rìn-ín. Ìkẹ́ kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní kí wọ́n gba ikun imú Ṣínà fún àyẹ̀wò. Kí ẹnikẹ́ni má baà pè é ní olójúsàájú, ó fi ti Ẹ̀bùnlọlá kún un, gẹ́gẹ́ bí ti ọmọ tí ara rẹ̀ dá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò dúró de èsì.

“Ìkẹ́, ó dá ọ lójú pé Dennis ló kó o wọlé?”

“Ó dá mi lójú, sà.”

Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá lẹ́nu iṣẹ́ náà, Bọ̀dá Dennis kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì.

“Dókítà, ẹ bá mi kí ọmọ o.”

Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí kọ́kọ́rọ́ náà ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, èsì dé: ọ̀tọ̀ ni kòkòrò tó wà nímú Ṣínà, èyí tó wà lára àwọn ọmọ eku yàrá kejì gan-an ni ti Ẹ̀bùnlọlá.