Àwòrán Tó Dùbúlẹ̀

"Ayọ̀kúnmi, àwòrán rẹ tún ti dùbúlẹ̀!"

Bí ìyá aránṣọ kan ní Àpòmù ṣe ń yí fóònù, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ń yí padà. Ọmọ rẹ̀ tó ń dá gbé ní Kánádà ṣì dùbúlẹ̀ nínú fídíò tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, kò sì fèsì mọ́.

Ó na fóònù sí Raheemat, oníbàárà rẹ̀. "Bá mi dá a dúró, kó má yí mọ́."

Raheemat tẹ ojú fóònù, ó wá yí i. Ọmọ náà nàró.

"Ọlọ́run á bù kún ẹ!"

Raheemat ò rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ wo àga ẹ̀yìn wọn, òun ló wá dùbúlẹ̀. Fóònù ò ṣe nǹkan kan. Bùrọ̀dá ló ṣubú. Ta la lè pè níbẹ̀?"

Ìyá náà ò mọ ẹnì kankan. Ó di fóònù mú bí ọmọ rẹ̀ ṣe nàró yẹn, ó ń pe orúkọ rẹ̀ ṣáá.