Awakọ̀ Ọsàn Tó Tẹ̀ Lé Iná Pupa

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń wakọ̀ ní kùtùkùtù. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ ni mo ti ń tọ pinpin rẹ̀, nítorí ó ń yà mí lẹ́nu bí àwọn tójú wọn là ṣe lè fi títì ìjọba sílẹ̀, kí wọ́n wakọ̀ wọ àgbàlá màlúù, láìsí ẹni tó fipá mú wọn.

1.

Ọdún pípẹ́ ni Baudelio Zendejas fi ká ọsàn lórí àkàsọ̀ ní àfonífojì wa ní Kalifọ́níà, kó tó ra ọkọ̀ akẹ́rù tirẹ̀. Don Gurnek ("Don" la fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà níbí), àgbẹ̀ ará Púńjàbù tó ni oko ọsàn létí òkè, ló ní kó wá gbé ẹrù kan wò.

"Tí ẹrù yìí bá dé láyọ̀, ìwọ ni wàá máa kó ọsàn mi títí ìkórè á fi parí," Don Gurnek sọ fún un. "Tí kò bá dé, o ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń gun àkàsọ̀."

"Don Gurnek, kí tíì ọwọ́ yín tó tutù, màá ti dé ilé tí wọ́n ti ń di ọsàn."

"Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀ tíì? Mo ní kó dé. Mi ò ní kó o sáré."

Ẹ rí i, wọ́n ti sọ fún un.

2.

Òjò ti rọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, kùrukùru sì ti jáde látinú ilẹ̀ tútù, ó jókòó lé oko àti títì bí ẹni tó ra gbogbo rẹ̀. Nílẹ̀ wa, tí èèyàn bá dé oríta nínú irú kùrukùru bẹ́ẹ̀, yóò dúró, yóò pa rédíò, yóò yí gíláàsì wálẹ̀, yóò sì tẹ́tí. Etí la fi ń sọdá. Ẹni tó jókòó ti awakọ̀ á gbọ́ ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, á ní, "Kò sí nǹkan," kí ọkọ̀ tó gbéra.

Herlinda, ìyàwó Baudelio, ló jókòó tì í. Ní oríta àkọ́kọ́, wọ́n ṣe é bó ṣe yẹ. Ní ìkejì, ọkùnrin náà kọ̀.

"Ṣé o fẹ́ kí òtútù pa mí ni?"

"Òtútù ò pa èèyàn ní oríta yìí rí. Ọkọ̀ ti pa wọ́n níbẹ̀. Yí gíláàsì yẹn wálẹ̀."

"Èmi ni mo ni ìwé ìwakọ̀, àbí ìwọ?"

"Ìwọ lo ni ín. Èmi ni mo ní etí."

Baudelio rẹ́rìn-ín, ó sọdá láìtẹ́tí. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún irú ọjọ́ tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ yẹn. Òun ló ń kọ́ni ní ìwàkiwà.

3.

Kò pẹ́ tí iná pupa méjì yọ níwájú wọn. Ẹ̀yìn ọkọ̀ kan ni.

"Wò ó," Baudelio sọ, "ẹni tó mọ̀nà rèé. Màá so mọ́ ọn."

"Ta ni?"

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?"

"Níbo ló ń lọ?"

Baudelio yí rédíò sókè. Kò wo ìlà funfun etí títì mọ́, iná pupa nìkan ló ń wò. Iná yà sọ́tùn-ún, òun náà yà. Láìpẹ́, òkúta wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dún lábẹ́ táyà.

"Baudelio, títì kì í dún báyìí."

"Wọ́n ń tún un ṣe ni."

"Ìgbẹ́ màlúù ń rùn."

"Níbo ni kì í ti rùn ní àfonífojì yìí?"

Ìgbà náà ni iná pupa náà dúró. Baudelio kò fẹ́ dúró. Ó ní sùúrù ẹni yẹn ti pọ̀ jù, ó yí ọwọ́ ọkọ̀, ó ní kí òun gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọkọ̀ tirẹ̀ fi orí sọlẹ̀. Inú adágún tí wọ́n ń fọ ìgbẹ́ màlúù sí ló kó wọn sí, ọsàn Don Gurnek sì ń léfòó yí wọn ká. Ojú fèrèsé ni Herlinda gbà jáde, apá rẹ̀ kan ti ṣẹ́; Baudelio gba ibẹ̀ tẹ̀ lé e.

Iná pupa náà, ti Laudalino ni, ará Pọ́túgà tó ni àwọn màlúù náà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fa Herlinda gòkè, ló bá rí i pé ọkọ̀ méjì mìíràn tún ti dúró sí àgbàlá òun.

"Ẹ káàárọ̀ o," ó wí. "Ta ló ránṣẹ́ pè yín?"

4.

Mo bá àwọn méjì tó wà lẹ́yìn sọ̀rọ̀. Mo ní, kí ló dé tí ẹ fi tẹ̀ lé Baudelio? Ọ̀kan ní, "Bàbá, ó ń wakọ̀ bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ." Mo bi Baudelio náà nípa Laudalino. Ohun kan náà ló sọ. Mo wá bi Laudalino. "Ilé mi ni mò ń lọ," ó ní.

Ọsàn tó ti wọ ìgbẹ́, kò sẹ́ni tó máa gbà á. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ti mu omi, kò jí mọ́. Ẹlòmíràn ló kó ìkórè ọdún náà fún Don Gurnek. Baudelio padà sórí àkàsọ̀. Apá Herlinda jinná, ṣùgbọ́n kò nà tán mọ́, kò sì jókòó ti ọkọ rẹ̀ nínú ọkọ̀ kankan láti ìgbà náà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kìlọ̀ fún yín. Ẹni tó wà níwájú yín lè mọ̀nà dáadáa, kó jẹ́ ọ̀nà ilé tirẹ̀ ni. Kí ẹ tó so mọ́ ọn, ẹ dúró, ẹ pa ariwo, ẹ bi í níbi tó ń lọ. Tí ẹni tó jókòó tì yín bá sì ń bi yín ní ìbéèrè, ẹ dá a lóhùn. Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹni tí kò béèrè ló ń pọ́n ara rẹ̀ lójú.