Ìgò Tó Ṣófo

"Ìgò yìí ṣófo."

Ọ̀gá yàrá ìwádìí gbé ìgò tí kò ju ọmọ ìka lọ náà sókè síná. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi retí rẹ̀ kó tó dé lánàá: purotéènì eku tí àwọn onímọ̀ fọwọ́ ṣe, tó ń mú kí ẹran ara dàgbà nínú àwo ìwádìí.

Gbogbo ojú yí sí Bàbá Agbálẹ̀.

Ẹnu ara rẹ̀ ló kó bá a. Òun ló bi wọ́n lánàá pé ṣé ohun amúdàgbà yìí ò lè mú irun hù lórí apárí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fìlà."

Ó ṣí i. Orí ń dán bíi díńgí. Òógùn nìkan ló hù níbẹ̀.

Alàgbà tó ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ wọlé, irùngbọ̀n rẹ̀ kún dí. Bàbá Agbálẹ̀ tẹjú mọ́ ọn.

"Ta ló ní ó ṣófo?" Alàgbà ń rẹ́rìn-ín. "Ìyẹ̀fun inú rẹ̀ ò tó ohun tí ojú ń rí ni. Ẹ kán omi sí i, ẹ ó rí i pé á ṣiṣẹ́."

Ọ̀gá kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Mo ti fura sí yín."

Kíákíá ni Bàbá dárí jì í. Ó gbé ìgbálẹ̀, ó yọ́ jáde.

Lánàá, nígbà tí wọ́n lọ jẹun ọ̀sán, òun náà ti ṣí ìgò yẹn. Ó yọjú wò ó, kò rí nǹkan kan, ló bá dé e padà.

Ó ti gbà pé Alàgbà ló ṣáájú òun débẹ̀. Irùngbọ̀n yẹn ti pọ̀ jù.