Eyín Gàníyátù Tí Wọ́n Dí fún Ìgbà Díẹ̀

Àléébù kan ṣoṣo ni Gàníyátù, ìyàwó àbúrò bàbá wa, ní: bí ohunkóhun bá ti dákẹ́, lójú tirẹ̀, ó ti tán nìyẹn. Bí òrùlé bá jò, tí òjò sì dá, ọ̀rọ̀ òrùlé parí. Bí ọmọ bá sunkún tó sì dákẹ́, kì í wádìí ohun tó pa á lẹ́kún.

Ní ọdún 1987, Lugbe ni wọ́n ń gbé. Ohùn Gàníyátù dùn, àwọn obìnrin Ìlọrin tó wà l'Ábújá sì ti yàn án pé òun ni yóò dá orin wákà lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí mọ́sáláṣí wọn tuntun. Kò sí ẹni tí kò sọ fún.

Nígbà tí ọjọ́ náà ku bí oṣù méjì, eyín rẹ̀ kan tó ní ihò bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Bámiṣayọ̀, dókítà eyín, fọ ihò náà mọ́, ó sì fi nǹkan funfun kan dí i.

“Màmá, ìgbà díẹ̀ ni èyí wà fún o,” ni dókítà wí. “Bí ó bá pẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á là. Itọ́ á gba ibẹ̀ wọlé, kòkòrò tí ojú kò lè rí á sì bá itọ́ wọlé. Ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí n dí i pátápátá.”

“Mo ti gbọ́, dókítà.”

Eyín kò dùn ún mọ́, ó bá gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Àtàndá, ọkọ rẹ̀, rán an létí.

“Bàbá Ìdáyátù, ṣé eyín tí kò dun èmi ló ń dùn yín?” Ó ju obì goro sẹ́nu, ó sì fi eyín náà gan-an rún un. “Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń dún? Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi dí i!”

“Kai! A kì í fi iná sórí òrùlé sùn o.”

Gàníyátù rẹ́rìn-ín, ó tún mú goro mìíràn.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ohun tí wọ́n fi dí eyín ti là, kò sì mọ̀. Nígbà tí ṣíṣí mọ́sáláṣí ku ọ̀la, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni tó ki odidi ẹ̀kọ sẹ́nu.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fi ìborùn bò ó, ó lọ síbi ayẹyẹ náà bẹ́ẹ̀. Rísíkàt, ọ̀rẹ́ rẹ̀, fi ẹ̀rín pè é: “Gàníyá, gbé èyí tó wà lẹ́nu rẹ mì, kí o dá orin fún wa jàre!”

Gàníyátù la ẹnu títí, “ùn-ùn” nìkan ló jáde. Rísíkàt bá dá orin náà. Ó dùn mọ́ gbogbo èrò, láti ọjọ́ náà ni wọn kò sì ti gba orin lẹ́nu Rísíkàt mọ́. Lọ́jọ́ kejì, dókítà yẹ eyín wò, ó ní, “Kòkòrò ti dé gbòǹgbò, màmá. Yíyọ ló kù.” Ó sì yọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tó dákẹ́ ló ti tán. Ohun tí wọ́n fi dí eyín fún ìgbà díẹ̀, ìgbà díẹ̀ náà ló lè fi dènà kòkòrò. Bí ọjọ́ tí dókítà dá bá pé, ẹ padà lọ, kódà bí kò bá dùn yín. Ẹni tó bá ń retí ìrora kí ó tó dìde, nígbà tí yóò bá fi débẹ̀, ẹ̀pa lè má bóró mọ́.