Ọmọ Tí Hàjíà Kò Kà

Hàjíà Bàlkísù kò bá ti ẹ̀bẹ̀ wá sí ọsibítù. Ó wá kí àwọn oníṣègùn lè sọ ọ́ lójú Ànwár, ọmọ rẹ̀, pé Tòyíbàt ìyàwó rẹ̀ ló gbé àìsàn wọlé, kí obìnrin náà sì palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kúrò nílé wọn ní Sawaba, nílẹ̀ Àṣàǹtì. Yaseer, ọmọ tí Tòyíbàt bí, ti ń sún mọ́ ọdún kan, ọrùn rẹ̀ kò tíì dúró. Ìyá rẹ̀ gbé e mọ́ àyà, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Anita, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ṣàlàyé àrùn àjogúnbá fún àwọn òbí, fi Twi, èdè àwọn Àṣàǹtì, bi Hàjíà pé ọmọ mélòó ló bí.

"Ànwár lo rí yìí," Hàjíà fi Twi dá a lóhùn. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó bọ́ sí Yorùbá. "Wọn ò kọ́ ọmọ Àṣàǹtì yìí nílé ni? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

"Àwọn tó kú ńkọ́?" Anita tún fi Twi béèrè.

"Daabi! Kò sí." Hàjíà tún padà sí Yorùbá. "Ànwár, bí mo bá rí àjẹ́, mo máa ń mọ̀ ọ́n. Mo lé ìyàwó kékeré bàbá ẹ kúrò nílé wa ní Krofrom, ilé sì tòrò. Wàláì, èyí náà á lọ."

Bírò Anita dúró díẹ̀, ó tún ń lọ. Ó ní ọmọ kì í ní àìsàn yìí àfi bí bàbá àti ìyá bá jọ fún un. Ó ní ó fara pamọ́ sára Ànwár bó ṣe fara pamọ́ sára Tòyíbàt, àti pé ọ̀dọ̀ àwọn tó bí Ànwár ni òun náà ti gbà á.

"Irọ́!" Hàjíà ti dìde. "Ẹ̀jẹ̀ tiwa mọ́. Ànwár, kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lójú gbogbo wa, ká máa lọ."

Tòyíbàt bú sẹ́kún. Ànwár gbójú sílẹ̀, ó la ẹnu láti sọ ọ́.

Anita gbé bírò sílẹ̀, ó sì fi Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́ tó dán mọ́rán béèrè pé, "Hàjíà, Sàlísù àti Ìkrímà ńkọ́, àwọn ọmọ yín tí ọrùn tiwọn náà kò dúró títí wọ́n fi kú, tí màámi ń bá yín wẹ̀ láràárọ̀ kí ẹ tó pè é ní àjẹ́, kí ẹ sì lé e kúrò ní Krofrom?"